Irun Tó Wà Nínú Èkù Abẹ

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi tú èkù abẹ kan tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ tó wà láàárín, ibi iṣẹ́ ni mo lọ. Ohun tí mo fojú rí àti ohun tí àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn sọ fún mi nìkan ni mo kọ síbí. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ti kúrò láyé báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò lè dun ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi èmi.

Ará Àkókó ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wá sí Ọ̀wọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ níbẹ̀, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Benin. Lọ́dún 1976, ìwé ìròyìn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní kí n lọ máa gbé Ọ̀wọ̀, kí n máa fi ìròyìn ibẹ̀ ránṣẹ́. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wọ̀ sí. Tábìlì tí mo fi ń kọ̀wé wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́yìn àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, torí pé ibẹ̀ ni ìròyìn ti máa ń bá mi láìjẹ́ pé mo dìde. Ẹni tí abẹ wà lọ́fun rẹ̀ kì í parọ́ púpọ̀.

Kí n ṣàlàyé abẹ náà fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kì í ṣe bíléèdì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tú kúrò nínú bébà. Abẹ gígùn ni, ó ju ìka àárín lọ, ó ní èkù tó là sí méjì, àárín èkù yìí ni wọ́n máa ń ká a sí bí wọ́n bá fá irùngbọ̀n tán. Irin rẹ̀ kì í gbó bọ̀rọ̀. Èkù rẹ̀ ló máa ń dá onígbàjámọ̀ lágara. Èkù dúdú ló máa ń bá a wá láti òkè òkun. Bó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́ nìyẹn, wọ́n á wá máa fi okùn wé irin tó ṣì dára.

Okùn ni ẹ̀gbọ́n mi náà fi wé tirẹ̀, títí di ọjọ́ tí tíṣà kan fi alùpùpù fẹ́sípà rẹ̀ gbá ewúrẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ewúrẹ́ dìde, ó lọ. Tíṣà dìde, òun náà lọ. Ohun tó kù sílẹ̀ ni ike ńlá tó máa ń wà níwájú fẹ́sípà láti dá atẹ́gùn dúró, ó ti là sí mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ṣà á. Ó gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Èyí le ju dúdú lọ. Èèyàn á sì lè rí i bóyá abẹ mọ́ tàbí kò mọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń fi orí sílẹ̀ fún un fẹ́ràn èkù náà nítorí ohun tó sọ yẹn gan-an. Bí abẹ bá wà ní kíká, wọ́n ń rí i nínú èkù bí ẹja nínú omi. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, wọ́n á mọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn onígbàjámọ̀ láti Uso àti láti ìlú tiwa l'Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin tí kò ní èkù wá fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní láìpẹ́ yóò fi ike rán ṣòkòtò, kí gbogbo ayé lè rí i bóyá ìdí rẹ̀ náà mọ́.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Á fi páálí gé òdiwọ̀n, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike, á fi ayùn tínrín rẹ́ ẹ yí ká. Á fi fáìlì gé igun rẹ̀ kúrò títí tí kò fi ní gún èèyàn lọ́wọ́ mọ́. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tó pọ́n ní ṣóńṣó ló fi ń lu ihò tí ìṣó bàbà máa gbà kọjá. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń yí i, díẹ̀díẹ̀, torí pé bó bá fi ìṣó gbígbóná lu ú, ike á yọ ìfófòó sínú. Lẹ́yìn náà ló kan ewé ìpín, ewé tó rí ṣákaṣàka tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán igi. Níbi tí iṣẹ́ bá dé yìí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti bà á jẹ́, torí pé ike tó mọ́ kedere tẹ́lẹ̀ á ti funfun bí omi ògì. Á wá po eérú kíkúnná mọ́ omi, á fi àkísà nù ún mọ́ ọn lára. Á fi ọṣẹ ìfọyín tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ lásán nù ún. Ní wákàtí tó gbẹ̀yìn, funfun yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò láti àárín lọ sí etí. Mo máa ń fi ìwé mi sílẹ̀ láti wò ó.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń fún un ní àkísà. Aránṣọ ni, ọmọ Imoru, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ṣọ́ọ̀bù náà. Èdè ìlú rẹ̀ ló fi ń bú ọkọ rẹ̀, Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Akọ̀wé ló ń pè mí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti jókòó ti èkù kan láti àárọ̀, á dá ẹ̀rọ dúró, á ní, "Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè, ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ ni àbí ike?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò ní gbójú sókè. Á ní, "Ike kì í da èèyàn láàmú."

Ọdún mẹ́fà ni wọn kò fi rọ́mọ bí. Mi ò ní tún ohun tí àwọn èèyàn sọ láàárín ọdún mẹ́fà yẹn sọ. Nígbà tí ọdún 1979 ń parí lọ, ìyàwó wa bí ọmọbìnrin kan, irun orí rẹ̀ kún dé ọrùn.

Nílé àwọn ìyàwó wa, irun tí ọmọ bá gbé wáyé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbọ̀n dànù. Bí wọ́n bá fá a, ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ń gbà á, á lọ rì í mọ́lẹ̀ síbì kan tí òun nìkan mọ̀. Wọ́n ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí orí ọmọ mọ ilé. Bí irun náà bá wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, orí ọmọ á máa rìn kiri ni. Mi ò gbà á gbọ́, mi ò sì bá wọn jiyàn. Àṣà ilé wọn ni.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fá orí ọmọ rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ funfun gba irun náà, ó dì í, ó gbé e lọ sí Imoru. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti yọ díẹ̀ sápò, ìwọ̀n èyí tí ìka méjì lè mú.

Ó ti ní ohun tó fẹ́ fi ṣe lọ́kàn. Ó gé ike tínrín méjì tí wọ́n dọ́gba. Ó fi orí abẹ́rẹ́ ha ojú ọ̀kan díẹ̀, ó ká irun náà róbótó síbẹ̀, ó gbé èkejì lé e. Omi olóòórùn kan wà tí àwọn tó ń kọ pátákó orúkọ máa ń lò, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kán an sáàárín ike méjì, á yọ́ ojú àwọn méjèèjì, wọ́n á sì di ọ̀kan ṣoṣo. Ó kán an sí i, ó fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dán an. Nígbà tó parí, ojú kankan kò lè rí ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Irun náà kàn wà níbẹ̀ ni, bí ẹni pé ó léfòó nínú omi tí kò mì. Ara abẹ tirẹ̀ ló kàn án mọ́. Àràárọ̀ tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ni á kọ́kọ́ mú lọ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ rí i lọ́jọ́ tó parí. Ó gbà á, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní kí ìyá òun má ṣe gbọ́ o. Àwa mẹ́ta la mọ̀ ọ́n: ọkọ, ìyàwó, àti èmi.

Èmi ni mo sọ ọ́.

Ọmọ náà ti lé lọ́dún kan nígbà tí olóòtú wa ní kí àwa tí a wà ní ìlú kéékèèké kọ ohun díẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ará Èkó kò mọ̀. Mo kọ nípa èkù ike. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní onígbàjámọ̀ kan ń bẹ l'Ọ̀wọ̀, ó fẹ́ ọmọ Imoru. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni mo fi sọ pé irun tí ọmọ rẹ̀ gbé wáyé wà nínú èkù tirẹ̀. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ló máa jẹ́ kí olóòtú gbà á. Mo sì rò pé ìwé ìròyìn wa kò dé Imoru.

Nígbà tó jáde, mo fi han ẹ̀gbọ́n mi. Ó kà á dé ìparí, ó dá ìwé padà fún mi. Ó ní, "O kọ ọ́ dáadáa." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìyàwó wa ti gbé ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Imoru, ọ̀sẹ̀ kan ló fẹ́ lò. Arákùnrin ìyá rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kó iṣu àti èèyàn wá sí Ọ̀wọ̀. Òun ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní tíṣà kan máa ń gba ìwé ìròyìn bó bá wá sọ́jà l'Ọ̀wọ̀, á kà á sókè fún àwọn àgbà lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú ilé wọn.

"Tíṣà kà á dé ibi irun," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyá ìyàwó yín, ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ wolẹ̀. Ó ní kí tíṣà pa ìwé dé."

Ara ọmọ náà ti ń gbóná láti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, ara rẹ̀ sú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń wúkọ́. Ká ní wọn kò ka ìwé yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn ì bá pè é ní àìsàn ọmọdé. Ìyá ìyàwó wa pè é ní orí tí kò sí nílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Awakọ̀ náà kò jókòó. Ó sọ̀rọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ìnàró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìyá ní kí o kó irun náà wá, kó pé. Wọ́n ní bí ọmọ bá máa jáde lọ sí ọsibítù Ọ̀wọ̀ níbí, irun náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé ná."

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bí ọmọ ṣe wà. Awakọ̀ ní ó ń mí, àmọ́ mímí náà kò já gaara. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá òun lè gbé èkù náà lọ bó ṣe wà. Awakọ̀ ní òun ti béèrè ìyẹn. Ìyá ní òun kò lè ri ike mọ́lẹ̀, irun ni òun fẹ́.

"Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀la ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ sọ fún ìyá ọmọ náà pé ọ̀la."

Awakọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ìṣó bàbà kúrò lára èkù, ó gbé apá tí irun wà nínú rẹ̀ ka orí tábìlì mi nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí jù. Ó kọ́kọ́ fi ẹnu abẹ wá ojú ibi tó ti so méjèèjì pọ̀. Kò rí i. Ó ti ṣe é dáadáa jù. Ó ronú nípa omi gbígbóná, ó sì kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Iná tàbí ooru kò gbọ́dọ̀ kan irun ọmọ tí ara rẹ̀ ti ń gbóná tẹ́lẹ̀. Ó fa irun orí ara rẹ̀ méjì tu, ó lẹ̀ wọ́n sáàárín ike méjì tó ṣẹ́kù nílẹ̀, ó wá kán omi olóòórùn yẹn sí i láti wò ó bóyá á tú. Ike yọ́, irun náà di ọ̀kan pẹ̀lú ike tó yọ́, bí irun tó bọ́ sínú oje igi. Ó ju ìyẹn nù.

Ó kù kó máa fá a. Fáìlì á já irun, nítorí náà abẹ ló lò, abẹ náà gan-an tó tú kúrò lára èkù. Ó dè é mọ́ igi pẹlẹbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá ike bí ẹní fá àgbọ̀n arúgbó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀ kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bó bá fá a bí ìgbà mẹ́wàá, ojú ike á funfun, kò ní rí irun mọ́. Á tún ní láti fi eérú àti àtẹ́lẹwọ́ dán an kí ó lè mọ̀ bó ṣe kù sí. Mo ronú pé kò sí bí kò ṣe ní pẹ́.

Mo sọ ohun tí mo rò fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n lọ sí Imoru kí n gbé ọmọ náà wá sí ọsibítù. Irun á dé bó bá dé."

Ó ní, "Ṣé wọ́n á gbé e fún ọ?"

Èmi ni mo kọ ìwé. Ta ló máa gbé ọmọ fún mi ní Imoru?

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, irun mẹ́rin péré ló ti yọ, wọ́n wà lórí aṣọ funfun kan. Mo ní láti lọ sí Àkúrẹ́, kọmíṣọ́nà kan fẹ́ bá àwa oníròyìn sọ̀rọ̀ nípa omi ẹ̀rọ. Mo lè rán ẹlòmíràn. Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe dúró sí títì tí mò ń wá ọkọ̀, mo rí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù yẹn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Imoru. Ó dúró. Awakọ̀ yọ orí lójú fèrèsé, ó sọ gbólóhùn kan tàbí méjì fún ẹ̀gbọ́n mi tó jáde sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fi orí dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó padà wọlé. Bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ dé lákòókò yẹn, mo wọ̀ ọ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó pé ó yẹ kí n ti bi í léèrè ohun tí wọ́n sọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo tó padà. Oníbàárà méjì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì, wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn bóyá onígbàjámọ̀ náà kú ni àbí ó sálọ. Mo gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò ì kúrò lórí tábìlì mi. Abẹ ti ya ìka rẹ̀ méjì, ó fi àkísà ìyàwó rẹ̀ wé wọn kí ẹ̀jẹ̀ má bàa kan irun. Irun ti pọ̀ lórí aṣọ funfun. Ó ku èyí tó wà lẹ́bàá ihò ìṣó, níbi tí ike ti nípọn jù. Mo ní ohun tó wà lórí aṣọ yìí tó. Ó ní kò tíì pé. Mo ní ta ló máa mọ̀.

Ó ní, "Èmi."

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó yọ èyí tó gbẹ̀yìn. Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Imoru mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, awakọ̀ náà wá gbé wa.

Mo rántí ìyá ìyàwó wa lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba aṣọ funfun náà, ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó wa jókòó sínú yàrá, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tì wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ wo ìka rẹ̀ tó wé, ó ní, "Ṣé ó pé?"

Ó ní, "Ó pé."

A gbé ọmọ sínú ọkọ̀. Nígbà tí a dé ọsibítù Ọ̀wọ̀, nọ́ọ̀sì tó gbà á kò fi àkókò ṣòfò. Èéyi ni ó pè é, ó ní ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó béèrè ọjọ́ tó ti ń mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó tó ọjọ́ mẹ́ta.

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Kò fi ìbínú béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ náà kú.

Àwọn ará Imoru ló wá gbé e. Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ni kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ padà sí Imoru. Wọ́n ní kó lọ sinmi fún ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ pé, kò dé. Ẹ̀gbọ́n mi lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó bá a nílé, wọ́n jọ jókòó, ó tún dá nìkan padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní òun kò lọ mọ́, torí pé bí òun bá ti wọlé ni ìyàwó òun máa ń wo ọwọ́ òun.

Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Èmi ni mo pẹ́." Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìyá àgbà náà ló pa ọmọ, wọ́n ní ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ ló pa ọmọ. Èmi gan-an sọ bẹ́ẹ̀, mo sọ ọ́ níta gbangba, torí pé ó tù mí lára ju kí n sọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Kò ṣe èkù mọ́. Àwọn tó gbé irin wá láti Uso gbé irin wọn padà. Ó ń fá orí, ó ń gẹ irun, ó ra abẹ mìíràn tó ní èkù dúdú. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ṣọ́ọ̀bù, ó fi aṣọ bò ó. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé e.

Lọ́dún 1983, wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Kí n tó lọ, mo lọ kí ìyàwó wa ní Imoru. Mo bá a níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ. Kò ì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó bu omi fún mi, ó béèrè irú oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ, àti bóyá ó ṣì ń gbàgbé láti jẹun bó bá ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí wa, ó ń tẹ́ ẹ̀gúsí sóòrùn. Mi ò kí ìyá náà dáadáa, ìyàwó wa sì rí i.

Ó ní, "Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi."

Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan.

Ó gbé aṣọ tó ń rán lé itan. Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń padà, kí n má bàa yí i padà:

"Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá mi rí i pé ọmọ ò gba ọmú mọ́. Wọ́n ní ká gbé e lọ bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n ní irun á bá wa lọ́hùn-ún. Èmi ni mo ní ká dúró. Mo mọ ẹ̀gbọ́n yín. Kò dá ọjọ́ fún oníbàárà kó yẹ̀ ẹ́ rí. Ó ní ọ̀la, mo sì gbà pé ọ̀la náà ni. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa kánjú, ó máa já a. Mo wá ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo ní kó fara balẹ̀, kó má já ìkankan, pé a ń dúró dè é. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Mi ò lè bi í. Gbogbo ayé ń bú ìyá mi, ìyá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni."

Mo bi í bóyá kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ronú díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún un, bóyá ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé kì í ṣe òun ló pẹ́.

Kí n tó lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Ó ní kí n dìde, kí ẹ̀gúsí má bàa lẹ̀ mọ́ aṣọ mi.

Ọ̀wọ̀ ni mo padà sí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń pọ́n abẹ lára awọ, kò sí oníbàárà. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n ń jókòó sí láti fá orí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ìyàwó rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ó ń pọ́n abẹ lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ṣì ń pọ́n ọn.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní báwo ló ṣe mọ̀.

"Awakọ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún mi láàárọ̀ Ọjọ́rú. O wà ní títì."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún méjì yìí wá, tó jẹ́ kí àwa máa bú ìyá oníìyá, tó ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé òun ló pẹ́.

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ni wọ́n máa bú?" Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu abẹ wò. "Ìwọ ni ǹ bá sì kọ́kọ́ sọ fún. Wàá kọ ọ́."

Ó ká abẹ náà sínú èkù dúdú, ó gbé e kalẹ̀, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n mọ́.

Ó ní, "Ó ní kí n fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀."